Ìgbálẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Okokomaiko

Àṣàkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ abẹ́ Olúmọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti sùn.

Àwọn ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa l'Ajangbadi. Tí wọ́n bá wá kí mi nílé pàápàá, wọ́n á kọ́kọ́ gbá iwájú ilé kí wọ́n tó jókòó. "Ibi tí mo bá máa dúró sí gbọ́dọ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wọ́de lọ sí Iba nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ, wọ́n ti ṣáájú wa dé Okokomaiko, wọ́n ń gbá gbogbo òkúta ojú títì dà sínú kòtò.

Mùtíù ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín: "Màámi, ṣé ìjọba ti gbà yín síṣẹ́ ni?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jàre! Ebi ń pa wá, ẹ̀tọ́ wa ni ká sọ ọ́. Ẹni tó bá ju òkò ló máa bà á jẹ́ fún wa."

Láìpẹ́, ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn ní ká túká, pé òkò la fẹ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ méjèèjì: "Ọ̀gá, ẹ wá òkúta kan ṣoṣo níbí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lù mí."

Ọ̀gá náà wo ilẹ̀ títí, kò rí òkúta kankan. Àwọn ọlọ́pàá tó kó wá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá náà ní: "Màmá, ẹ máa lọ."

A kọrin dé Iba, kò sẹ́ni tó fara pa.

Mùtíù ló gbá ọ̀nà sàréè. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin wọ́n.