Ta Ló Kẹ́yìn?

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Moldova tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Camberwell, ló mú mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ nílùú wọn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, mo wọ ọ́fíìsì ibùdókọ̀ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ẹ́ápọ̀ọ̀tù. Kò sẹ́ni tó tò. Àwọn kan jókòó, àwọn kan ń fa sìgá lóde. Ìyá àgbà kan wọlé, ó bi mí ní nǹkan lédè wọn. Èmi ọmọlúàbí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni mẹ́rin tún wọlé, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn.

Kò pẹ́ tí ariwo sọ. Ọ̀rẹ́ mi sáré wọlé.

“Kí lo sọ fún wọn? A kì í tò níbí; ẹni tó bá wọlé á béèrè ẹni tó kẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹni náà ló máa wà. Wọ́n ní ṣé ìwọ lo kẹ́yìn! Àwọn márààrún ló ní ẹ̀yìn rẹ ni àwọn wà.”

Wọ́n ṣì ń jà nígbà tí bọ́ọ̀sì mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ilé ìta-oògùn kan ní Peckham, mo bi Mummy kan léèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kẹ́yìn?”

Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. “Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ńkọ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.