Ìpín Tí Kò Ní Èlé

Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Hor Al Anz, ní Dubai, ti fi ọdún mẹ́fà tu owó jọ nídìí aṣọ tó ń rà lọ́jà Naif ránṣẹ́ sí Èkó. Owó Mẹ́kà ìyá rẹ̀ ni. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, ó sì fẹ́ fi rí Káábà kó tó fọ́.

Ará Íńdíà kan tó ní ọ́fíìsì ní Sharjah ló mú ọ̀rọ̀ òwò kan wá. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ń gba owó àwọn èèyàn, ó ń fi ra ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ẹ̀mí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Àwọn tó bá mú ìpín kìíní ń gba iye kan náà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ gbowó wọn padà. Èrè tó bá kù, ti ìpín kejì ni. Tí owó ṣíà bá já wálẹ̀, àwọn náà ni àdánù máa kọ́kọ́ bá.

Èmi ni mo ka ìwé náà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ìpín kìíní ni kẹ́ ẹ mú."

"Iye kan náà, ọjà ì báà dára, ì báà burú? Èlé nìyẹn! Ṣé owó èlé ni màá fi gbé ìyá mi dé ilé Ọlọ́run?"

"Inṣọ́ránsì ẹ̀mí táwọn ààfáà yín ń sọ pé kò tọ́ ńkọ́? Ìyẹn ò ṣe yín ní nǹkan kan?"

"Ìwọ Kìrìsìtẹ́nì, kí lo mọ̀? Khalas! Ó parí!"

Ó yẹ kí n tún ibi àdánù yẹn kà. Àmọ́ "kí lo mọ̀" yẹn bí mi nínú gidi. Mo ní lọ́kàn mi pé kó ṣe é bó ṣe fẹ́. Ó kó gbogbo owó náà sí ìpín kejì.

Lọ́dún àkọ́kọ́ èrè wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní, "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, o rí i báyìí?" Ó ra aṣọ funfun tí ìyá máa wọ̀ ní Mẹ́kà, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù aṣọ yẹn ń bà mí, torí irú ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń sin òkú Mùsùlùmí. Nígbà tó yá, gbogbo lẹ́tà tó ń ti Sharjah wá ló ń sọ pé owó ti dín. Ẹ̀gbọ́n ò bi mí mọ́ ohun tó wà nínú wọn. Ojú mi ló ń wò.

Lẹ́tà ìkẹyìn ní àwọn ìpín kìíní ti gba tiwọn tán. Kò ku nǹkan kan. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá bi í lórí fóònù bóyá ọdún yìí ni òun máa lọ. Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

"Ṣé ìwọ lò ń bá a ka ìwé owó Mẹ́kà mi?" ni ìyá wí. "Ọmọ mi, ojú tìrẹ ò ní fọ́ o."

Mo ní àmín.