Ọ̀gá Tó Ń Kọ́ Ẹnu Ara Rẹ̀ Ní Sùúrù

Má-ṣèyọnu làwọn olùkọ́ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn: "Má ṣèyọnu, ohun tí wàá ṣe rèé." Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kí olùkọ́ tó rojọ́ dé ìdajì, ó ti rí ojútùú. Èrò kì í dá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, torí ta ni yóò máa da ara rẹ̀ láàmú pé òun ń ronú nígbà tí ọ̀gá wà níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ kíláàsì kẹta ló la ọ̀gá lójú. Ọmọge náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, ariwo kíláàsì rẹ̀ sì ń dé ìta. Tí ariwo bá ti sọ, Má-ṣèyọnu á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Kó yí ẹ̀yìn padà báyìí, ariwo tún ti dé. Nígbà tí alábòójútó iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wá wo kíláàsì náà, ó sọ ọ́ gbangba pé bí nǹkan bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun bá padà wá, wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ náà.

Inú bí ọ̀gá. Ọmọge náà mọ̀wé, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá yé e pé gbogbo ìgbà tí òun bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ńṣe lòun ń sọ fáwọn ọmọ pé olùkọ́ wọn ò tó nǹkan. Ó pinnu pé òun ò ní pàṣẹ fún un mọ́, ìbéèrè lòun yóò máa bi í.

Àmọ́ ìṣe kì í fi oníṣe sílẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: "Ṣé o ò rò pé tó o bá pààrọ̀ ìjókòó wọn, ariwo á dín kù?"

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó pààrọ̀ ìjókòó, ariwo sì di ìlọ́po méjì. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, olùkọ́ ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é, mà." Ọ̀gá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. Àṣẹ lòun kàn wọ aṣọ ìbéèrè fún.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Ìgbà wo gan-an ni ariwo máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Olùkọ́ ń wo ẹnu ọ̀gá. Ojútùú ti kún ọ̀gá lẹ́nu, ahọ́n ń yún un. Ó gbé e mì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kúkú sọ fún mi."

"Ìwọ lo wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹ."

Olùkọ́ yíjú sí pátákó. "Tí mo bá kọjú sí pátákó ni. Mo máa ń pẹ́ kọ̀wé, wọn ò sì ní nǹkan lọ́wọ́."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Bóyá kí n máa kọ ọ́ kí wọ́n tó wọlé."

"Dán an wò, ká jọ wo bó ṣe máa rí."

Nígbà tí alábòójútó padà dé, òun àti ọ̀gá jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Iṣẹ́ ti wà lára pátákó, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, àfi ìgbà tí ọmọ kan da omi sórí ìwé ẹnì kejì rẹ̀. Ariwo sọ.

"Ẹ ò ní dá sí i ni?" ni alábòójútó béèrè.

Ọ̀gá di bẹ́ǹṣì mú. "Kíláàsì tiẹ̀ ni, sà."

Olùkọ́ ò pariwo. Ó fún ẹni tó da omi lákìísà, ó wá dúró sáàárín wọn, ó ń ka ìlà tó kàn jẹ́jẹ́, débi pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ní láti dákẹ́. Kíláàsì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kò séwu fún iṣẹ́ rẹ mọ́," ni alábòójútó sọ fún olùkọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ parí. "Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

Olùkọ́ ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Èmi ni mo rò ó."

Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ta ọ̀gá lára. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ wá dùn débi pé ó ní láti bọ́ síta lọ nu ojú rẹ̀.