Ìran Tí Mi Ò Nawọ́ Sí

Mi ò tíì pé oṣù méjì ní Igando tí ìyá onílé wa fi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Orin ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mí gbé wòlíì obìnrin kan. Ó dijú, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní òun rí obìnrin kan tó ní kókó lọ́mú, tó ń fi pamọ́ fáwọn ọmọ rẹ̀. Kí onítọ̀hún nawọ́ ká gbàdúrà fún un.

Àyà mi já. Kókó ọ̀hún wà lọ́mú mi, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló tiẹ̀ rán mi wá síbí, jàre? Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyá onílé ti nawọ́ tiẹ̀ sókè.

Tèmi ò kúrò lábẹ́ ìdí.