Bàbá Tínrín Gba Bẹ́ǹṣì Ẹni Márùn-ún

Ọjọ́ tí Bàbá Tínrín sùn gbalaja sórí bẹ́ǹṣì nípàdé ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí. Aago ló ń tún ṣe, òun náà sì tínrín bí ọwọ́ aago. Irin kékeré kan tó ń fìka tẹ̀ ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí rédíò ilé rẹ̀: tí-tá-tí, ìró kúkúrú àti gígùn tó dúró fún ọ̀rọ̀, lórí ìgbì tí kò fẹ̀ ju òwú abẹ́rẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ oní-rédíò fẹ́ dìbò bóyá kí ìgbì kọ̀ǹpútà, tó fẹ̀ bí ẹní, wọ ojú ọ̀nà wọn lórí afẹ́fẹ́, tó ti há gádígádí. Ọmọ Bàbá fúnra rẹ̀, tíṣà kọ̀ǹpútà, ló ń polówó rẹ̀: "Odindi lẹ́tà, ìṣẹ́jú kan péré!"

Bàbá lé ẹni márùn-ún dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó nà gbọọrọ.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?" Alága bi í.

"Lẹ́tà ni mò ń fi ránṣẹ́. Ẹ dúró."

"Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló rí wọn? Kọ̀ǹpútà kì í wò bóyá ẹnì kan wà lójú ọ̀nà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Àmọ́ kí wọ́n tó pe ìbò, Bàbá ti ń hanrun. Ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí rẹ̀: tiẹ̀ tí kò dì.

"Bàbá, ẹ má bínú," ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́nà ilé.

"Ta ló ń bínú? Oorun ni mo dìbò fún, ó sì wọlé. Alásè yẹn ni mò ń rò."

Alásè ọkọ̀ ojú omi kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì sókè òkun. Rédíò rẹ̀ ò lágbára tó tọ́ọ̀ṣì. Aago mẹ́rin gbogbo ọjọ́ Àìkú, òun àti Bàbá á ta dráàfù lórí rédíò, ọmọ ayò kan ṣoṣo lọ́sẹ̀; eré kan náà ti pé ọdún mọ́kànlá. Ìgbì tó fẹ̀ á gbé ohùn rẹ̀ mì.

Láti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí aago mẹ́rin bá ti lù, gbogbo oní-kọ̀ǹpútà á panu mọ́. Ọmọ Bàbá ló lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá ò dúpẹ́. "Rédíò mọ́ lónìí," ló wí. "Bóyá òjò ló fọ̀ ọ́."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀, ọmọ náà jókòó sídìí irin. Ó kọ́kọ́ bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ẹnì kan wà lójú ọ̀nà, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe.

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn: "Ta ló ń tẹ irin bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo?"

"Ọmọ Bàbá Tínrín ni, sà. Bàbá ti sùn."

Aago mẹ́rin ni, ọ̀nà ṣófo. Kò sí oní-kọ̀ǹpútà tó gbà á.

"Bá a ta tiẹ̀," ni alásè tẹ̀ níkẹyìn. "Má kánjú. Àyè wà."