Ọwọ́ Tó ń Bó Ẹ̀gúsí

Mo dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé mi mú, mo sì ń kà á sókè bí ẹni tó ń wàásù. Àwọn ìyàwó ilé jókòó yí àtẹ ká, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Pá, pá, pá ni èèpo ń dún láàárín ìka wọn. Òórùn òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ń fẹ́ wọlé láti àgbàlá, adìẹ kan sì ń yọjú wò bóyá wọ́n á gbójú kúrò lára àtẹ. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ síwájú, òun náà ń bó tirẹ̀.

Àròkọ ni mo ń kà. Tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ti sọ pé ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lọ ni yóò kà á níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìkórè. Ní Ìlá Ọ̀ràngún ìgbà náà, kí òmìnira tó dé, mi ò mọ ohun tí ọmọdé tún lè fẹ́ ju ìyẹn lọ. Aṣọ Kérésì pàápàá ti kúrò lọ́kàn mi.

Òkun ni mo kọ̀wé nípa rẹ̀, èmi tí mi ò tíì rí omi tó ju odò tí a ti ń pọnmi lọ. Mo ní ìgbì ń bú ramúramù. Mo ní ọ̀gá ọkọ̀ dé fìlà funfun. Inú ìwé kíkà wa ni mo ti kó gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ìyìn bẹ̀rẹ̀. “Adúmáradán! Ẹnu rẹ mà dùn o!” Ìyàwó tó kéré jù ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò fìgbà kan pe orúkọ mi gan-an, torí pé ó bá mi nílé ọkọ ni. Orí mi wú. Mo yíjú sí Ìyá àgbà.

“Ìyá, ṣé ó dùn?”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Gbogbo wọn ní ó dùn.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ ọmọ ìyá ọkọ wọn ni ọ́. Èwo nínú wọn ló máa ní kò dùn kí n gbọ́?” Àwọn ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. “Má wo ojú wọn, ojú lè máa yẹ́ ọ sí. Ọwọ́ ni kí o máa wò. Látìgbà tí o ti ń ka ọ̀rọ̀ òkun rẹ, ta lo rí tó dáwọ́ dúró?”

Ìgbómìnà pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ará Ìbàdàn á ní kí n wá túmọ̀ rẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni. Mo wo àtẹ, ẹ̀gúsí bíbó ti kún un. Ọ̀rọ̀ òkun mi ti mú kí iṣẹ́ yá.

Mo ká ìwé mi, ẹkún ń bọ̀. Ìyá àgbà kò rẹ̀ mí lẹ́kún o. Ó kàn sún díẹ̀, ó fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì da ẹ̀gúsí sí mi lọ́wọ́. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, “Wọ́n ní àbúrò rẹ sọnù lọ́jà níjeta. Oko ni mo wà. Báwo ló ṣe jẹ́?”

Mo bá sọ ọ́, láìsí ìwé lọ́wọ́. Mo sọ bí màmá mi ṣe yíjú láti ra iyọ̀, tí kò sì rí ọmọ mọ́. Bó ṣe ń sáré káàkiri pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, tó ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Bí a ṣe bá a lẹ́yìn agbọ̀n àwọn olóbì, tó sùn fọnfọn lórí ewé tí wọ́n fi ń di obì. Màmá mi kọ́kọ́ gbá a nídìí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ láàárín ọjà, tó ń sunkún, tó ń ki ọmú bọ ọmọ náà lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú tipẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dákẹ́. Mi ò gbọ́ pá kan mọ́. Màmá mi wà láàárín wọn, ó mú ẹyọ ẹ̀gúsí kan dání, kò bó o, kò sì jù ú sílẹ̀. Adìẹ ti dé ìdí àtẹ, ó ń ṣa ẹ̀gúsí jẹ, kò sí ẹni tó lé e.

“Ìyẹn ni kí o kọ,” Ìyá àgbà wí. “Ẹ̀yin, ẹ lé adìẹ yẹn o, àbí kí ó jẹ ọbẹ̀ wa tán?”

Mo kọ ọ́. Tíṣà kò mú un. Ó ní ọ̀rọ̀ inú ilé kì í ṣe ohun tí à ń kà níwájú ìjọ. Ọmọkùnrin kan tó kọ̀wé nípa ọkọ̀ òfuurufú ló mú. Mo délé, mo ju báàgì sílẹ̀, mo ní mi ò kọ nǹkan kan mọ́ láyé mi. Ìyá àgbà ń fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù lágbàlá. Kò gbójú sókè.

“Lọ́jọ́ tí o sọ ọ́, ọwọ́ dúró àbí kò dúró?”

“Ó dúró, Ìyá.”

“Ó tán nìyẹn. Wá jókòó, iṣẹ́ pọ̀.”

Nígbà tí mo dàgbà, kí n tó kó ìwé mi àkọ́kọ́ lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé, mo gbé e lọ kà fún Ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, àmọ́ ìka rẹ̀ ṣì mọ ẹ̀gúsí. Mo kà, ó ń bó. Mo ṣí ewé ìwé, ó ń bó. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. “Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀,” ó wí. Mo ya gbogbo ohun tó ṣáájú ibẹ̀ dànù. Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di òǹkọ̀wé máa ń wá bá mi pé kí n gbà wọ́n nímọ̀ràn. Mo máa ń pe àwọn aládùúgbò mi, màá gbé àtẹ ẹ̀gúsí kalẹ̀ fún wọn, màá ní kí ọ̀dọ́ náà máa kà, kó má sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Inú máa ń bí àwọn míì, wọn kì í padà wá. Èmi náà ṣì ń ka tèmi bẹ́ẹ̀. Àpótí Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Bí pá, pá, pá bá ti dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ àpótí yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ yíjú sí, kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀.