Kókó Tí Kò Dun Ẹ̀gbọ́n Mi

Kókó náà le bí èkùrọ́ lábẹ́ ìka mi. Láti orí bùbá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti mú ọwọ́ mi lọ síbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọmú rẹ̀ òsì, lẹ́yìn tó ti wò ó pé kò sí oníbàárà kankan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ojú tì mí, mo yára fa ọwọ́ padà. Oògùn ni mo ń tà ní Kàbbà nígbà náà. Mi ò ka ìwé ìṣègùn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ni mo ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n "Dókítà" ni àdúgbò ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Kódà, mo ra kóòtù funfun kan tí mo ń wọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Àgbẹ̀ ni, Ponyan ló ń gbé, ó sì wọ mọ́tò wá bá mi nítorí pé èmi ni ọ̀mọ̀wé ilé wa.

Mo bi í pé, "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá, àbúrò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí kò bá dunni kì í ṣe àìsàn." Mo di kápúsù tó pọ̀ fún un, ó sì ṣàdúrà fún mi kó tó lọ.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ tán, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kó tó padà wá. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á ní òun ṣì ń lo oògùn mi. Lọ́jọ́ tó dé, awọ ọmú náà ti rí bí èèpo ọsàn, orí ọmú ti wọnú, kókó mìíràn sì ti yọ lábíyá. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Wọ́n ya fọ́tò ọmú náà, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó lọ yẹ̀ wò, èsì sì jáde pé jẹjẹrẹ ni. Dókítà obìnrin kan fara balẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn yóò kọ́kọ́ fa oògùn sí i lára kí kókó náà lè súnkì, kí àwọn tó gé ọmú náà. Ó ní jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, kékeré la sì ti ń pẹ̀ka ìrókò.

"Ìyá, ta lẹ kọ́kọ́ fi hàn?"

Mo wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. "Mi ò fi han ẹnikẹ́ni, dókítà. Èmi ni mo jókòó tì í."

Dókítà bá a wí. Ìbáwí tèmi ni. Mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́ ọ tán.

Irun rẹ̀ re dànù nítorí oògùn náà, wọ́n gé ọmú náà, ó yè. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ wú, kò lè gbé ọkọ́ mọ́, oko rẹ̀ sì di igbó. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àìsàn náà lè padà. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣa ẹ̀wà, mo bi í léèrè ìdí tó fi ru ẹ̀bi mi.

Kò gbójú sókè. "Bí mo bá sọ, ta ni yóò tún ra oògùn lọ́wọ́ rẹ? Ṣé àwọn ọmọ rẹ ò ní jẹun ni?"

Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀rọ̀ kókó wá, ì báà dunni, ì báà má dunni, mi ò ní ta nǹkan kan fún un. Ọsibítù ni mo ń darí rẹ̀ sí. Wọ́n ń yìn mí pé olóòótọ́ ni mí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kan nínú wọn pé ara ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n náà.